Ọkọ̀ Tí Kò Ní Táyà

Bí ẹ bá dárúkọ ọkọ̀ fún ọmọ Fìdítì tàbí Ìlọrá, mọ́tò tó ń sáré lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni yóò wá sí i lọ́kàn. Kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò tó dé, ojú omi ni a ti ń wa ọkọ̀. Àjẹ̀, ìgbòkun àti ìdákọ̀ró ńkọ́? Inú Bíbélì nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bá wọn pàdé.

Èrò tèmi ni pé ìwé kíkà nìkan kò lè gba irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí là. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Afìjió gbẹ́ àwòṣe ọkọ̀ kan. Ní 1987, a rí ọkọ̀ onígi kan nínú ilẹ̀ ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe òde òní. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8.4, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ mítà 2.1. Igi ọ̀mọ̀ tí a fi ń gbẹ́ ìlù yóò ṣe é. Kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ àjẹ̀ tì í, kí wọ́n fi aṣọ ta ìgbòkun, kí wọ́n so òkúta mọ́ okùn fún ìdákọ̀ró. Ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ bá ti ṣe, ẹnu kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, kí ni ará òkè ń fi ọkọ̀ omi ṣe? Kí ó bi awakọ̀ tó gbé e dé Ìlọrá léèrè ibi tí a ti rí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀.