Ẹ Sanwó fún Òṣìṣẹ́ Tó Ń Húkọ́, Kó Lè Dúró Sílé

Ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kì í lọ sí ọjà Kútọ̀, kì í wọ màrúwá láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta. Bí ikọ́ bá gbòde nínú ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn tó ní ìpèníjà ara, ẹni tó lè rìn ló gbé e wọlé, òṣìṣẹ́ tàbí àlejò.

Ẹ rántí Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó wá síbẹ̀ ní àrùn Kòfíìdì-19, ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, wọ́n rí ẹnì kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó bá a pàdé. Iṣẹ́ ló gbé ọkùnrin náà wá, kò wá kó àrùn ran ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú nílùú ọba mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní England, láti oṣù kìíní dé oṣù kọkànlá ọdún 2020, nínú ènìyàn 10 tí àrùn náà pa, bíi 6 ló ní ìpèníjà ara. Ìwádìí tí wọ́n pè ní Vivaldi sì jáde ní oṣù keje ọdún yẹn, lórí àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó: níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, àrùn náà kò ràn láàárín òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu. Obìnrin tí wọ́n máa gé owó rẹ̀ bí kò bá yọjú, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣé yóò jẹ́wọ́ pé òun ń húkọ́? Yóò mu àgbo, yóò pa ikọ́ mọ́ra, yóò sì máa fi ṣíbí bọ́ ọmọ tí kò lè dá jókòó. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó ni ilé náà ni ká bi léèrè.

Bí àrùn bá ti wọlé, ẹ ya ẹni tó ń húkọ́ sọ́tọ̀, ẹ ṣí fèrèsé bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń fẹ́, kí ẹ fi aṣọ bò ó dáadáa. Òṣìṣẹ́ kan ni kó máa tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ìbòmú àti ọṣẹ, kó má sì yà sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Adití tó ń wo ẹnu kò ní rí ẹnu mọ́, nítorí náà ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò ní sọ pé àyà ń dun òun. Oúnjẹ tó kọ̀, oorun tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, ihò imú tó ń fẹ̀ bó ṣe ń mí, èyí ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ má bọ́ ọ ní ìdùbúlẹ̀: ẹ̀kọ tó bá gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró a máa fa òtútù àyà. Ẹ má fi oògùn ampiclox dánra wò, ẹ tètè gbé e lọ sí Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà. Bí ẹni méjì-mẹ́ta bá ń húkọ́ pọ̀, ẹ pe NCDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tí ẹ máa ń gbé ìrẹsì lọ sí irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún, ẹ ṣeun. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ béèrè iye tí wọ́n nílò láti sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣàìsàn, kí ẹ sì san án. Bí ẹ̀yin náà bá ń húkọ́, owó náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má wá.