Orin Abẹ́ Fíìmù Tó Ń Bà Wá Lórúkọ Jẹ́

 

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá kan nílé wa ní Dagenham, a wọ aṣọ funfun, a tan ẹ̀rọ tí a gba ìlù ìgbìn sí, a kúnlẹ̀. Ìlù náà ń lọ lọ́ra, bí ìgbìn ṣe ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan, tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa kẹ́kọ̀ọ́, di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ẹni burúkú yẹn ti ń bọ̀ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ yẹn kò tíì mọ ẹni tí Ọbàtálá ń jẹ́. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ wa láìdáa fún un. Níbo ló ti kọ́ ọ? A bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ó ní fíìmù Yorùbá ni àwọn máa ń wò nílé ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ọmọ lè gbọ́ èdè.

A kò ní purọ́, fíìmù yìí kan náà ló kọ́ àwa pàápàá ní Yorùbá. A kò mu èdè yìí mọ́ ọmú. A ti dàgbà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ kan, fídíò tí a rà ní ọjà Barking lọ́wọ́ kejì. Ní ọdún kìíní, nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, bóyá méjì là ń gbọ́. Síbẹ̀ a mọ ẹni rere, a sì mọ ẹni búburú. Báwo la ṣe mọ̀? Orin abẹ́ fíìmù ni ògbufọ̀ wa. Bí ìyàwó onísùúrù bá wọlé, kíbọ́ọ̀dù á máa dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí babaláwo bá yọ, kó tó la ẹnu, kó tó na ọwọ́ sí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ohùn kan á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á máa kùn bí ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́. Ààrá á sán láìsí òjò. Ẹnì kan tí a kò rí á rẹ́rìn-ín há-há-há. A gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí orí ti yàn fún òrìṣà, tí a kò sì tíì mọ̀, a jókòó sórí àga nínú ilé wa, à ń bẹ̀rù ara wa.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí a tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìgbà náà la padà wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù yẹn, tí a gbọ́ ohun tí babaláwo inú rẹ̀ ń wí. Ó ń bẹ ẹni tó wá dá Ifá lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ àgbà ló ń sọ. Ẹni tó kọ eré náà kò bá a jà. Orin ló parọ́ mọ́ ọn.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, eré lásán ni." Àwọn gan-an là ń bá wí. Ní 1975, Steven Spielberg ṣe fíìmù Jaws, nípa ẹja ńlá kan tó ń pa èèyàn jẹ nínú òkun. John Williams ló kọ orin rẹ̀. Ohùn méjì péré ló mú, méjì tó fara kan ara wọn, ó ń tẹ̀ wọ́n léraléra, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yára sí i. Fún ìgbà pípẹ́ nínú fíìmù náà, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹja. Ohùn méjì yẹn ni ẹja. Bí ó bá ti dún, àyà èèyàn á já kí ọpọlọ rẹ̀ tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé etí ti mú ohùn náà so mọ́ ikú. Bí a bá tún un dún lọ́pọ̀ ìgbà, etí kò ní gbàgbé mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹja yẹn ni wọ́n ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n ẹja kò ní ọmọ tí yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa sá fún un.

Kì í ṣe Yorùbá ló dá a sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí, wọ́n gbé fíìmù kan jáde ní 1946 tó ń jẹ́ Men of Two Worlds. Thorold Dickinson ló darí rẹ̀, Arthur Bliss ló kọ orin rẹ̀. Kisenga, ọmọ Áfíríkà tó gbọ́ orin òyìnbó, tó ń tẹ píánò ní Lọ́ńdọ̀nù, ni akọni. Magole, oníṣègùn ìlú rẹ̀ ní Tanganyika, ni ọ̀tá. Ẹ sì mọ ẹni tó ṣe Magole? Orlando Martins ni, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó ní 1899. Píánò ni ìmọ́lẹ̀, ìlù ni òkùnkùn. Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá gbé eré tirẹ̀ kalẹ̀, kò pín in bẹ́ẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ń kọ orin fún ìjọ ní Òṣogbo. Nígbà tó gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì fún orin Àjíǹde ní 1961, wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Ó gbé ìlù rẹ̀ lọ sórí ìtàgé. Ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So, tó lọ sí Berlin ní 1964, tó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ní 1965 fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Nígbà tí bàtá bá dún fún Ṣàngó nínú eré yẹn, ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọba ni, kì í ṣe ẹ̀rù olè. Hubert Ògúǹdé náà, tó bẹ̀rẹ̀ láti inú orin ìjọ ní 1944, ṣe Aiyé ní 1979 pẹ̀lú Ọlá Balógun. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà nítorí ìlú. Babaláwo ni akọni níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Saworoidẹ, tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Nínú fíìmù yìí, ìlù kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń bo àwòrán. Ìlù ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ìlú Jogbo, ìlù tó ní ṣaworo idẹ lára ló so ọba mọ́ ìlú. Ẹni tó bá dé adé láìṣe ètùtù tó yẹ, kó má ṣe gbọ́ ohùn ìlù yẹn. Ìdájọ́ ń bẹ nínú awọ àti igi. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ìdí rẹ̀: ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́nu wa ló wà lójú ìyáàlù. Ìlù lè kini, ó lè búni, ó lè kìlọ̀ fúnni. Kíbọ́ọ̀dù tó ń kùn lábẹ́ babaláwo kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò mọ̀ ju kó dẹ́rù bani lọ.

Báwo wá ni kíbọ́ọ̀dù ṣe gba ipò onílù? Owó ni. Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò SAP dé sí Nàìjíríà tí náírà já wálẹ̀, fíìmù orí sẹ́lúlọ́ìdì wọ́n kọjá agbára àwọn òṣèré. Wọ́n bọ́ sínú fídíò. Ẹgbẹ́ alárìnjó tó máa ń kó onílù rìn, tó ń bọ́ wọn, tó ń sanwó fún wọn, túká. Ọkùnrin kan pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kan ló jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ń to fíìmù pọ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́wàá. A kò dá a lẹ́bi pé ó wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ní àkókò yẹn náà ni fíìmù àwọn ajíyìnrere gbòde. Mount Zion ti Mike Bámilóyè bẹ̀rẹ̀ ní 1985; Agbára Ńlá, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ ilé púpọ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti wàásù ẹ̀sìn wọn. Àwọn tí kò wàásù ohunkóhun, tí wọ́n kàn fẹ́ sọ ìtàn ìyàwó àti ìyálé, tí wọ́n sì yá ohùn ẹ̀rù lò fún gbogbo ojúbọ, àwọn la bá ní ẹjọ́.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó dán ohun tí a dán wò. A mú ìran kan nínú fíìmù kan: bàbá arúgbó jókòó níwájú ọpọ́n, ó ń fi ìka tẹ ìyẹ̀rọ̀sùn. A fi han àwọn ọmọ awo mọ́kànlá bí ó ṣe wà, a ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Wọ́n kọ ẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀, ètekéte. A pa ohùn rẹ̀, a tún fi han wọn. Wọ́n kọ bàbá àgbà, sùúrù, ògiri tó ń fẹ́ ọ̀dà. Ìgbà kẹta, a fi ìgbìn sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kọ pé: "Ó jọ bàbá mi nígbà tó ń gbàdúrà." Àwòrán kan náà ni o.

Àwọn ará àdúgbò wa mọ ohun tí à ń wí. Ní 1968, àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ àga ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham níbí daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù wọn, Made in Dagenham, ní 2010, ta ló kọ orin rẹ̀? Sandie Shaw, ọmọ Dagenham tó ti ṣiṣẹ́ ní Ford rí kó tó di olórin. Billy Bragg, ọmọ Barking, ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà. David Arnold ló fi ohùn sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n pè. Fish Tank ti Andrea Arnold, 2009, tí wọ́n yà ní agbègbè wa yìí náà, kò da orin kankan bo àwòrán láti òkè: orin tó bá wà níbẹ̀, ẹnì kan nínú ìtàn ló tan án. Kí ló dé tí a kò lè béèrè irú ọ̀wọ̀ yẹn fún ojúbọ, ká gbọ́ ìrókẹ́ lórí ọpọ́n, ká gbọ́ ikin lọ́wọ́, ká sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a máa nàka sí Èkó nìkan. Ẹ ṣí fóònù yín. Ẹ wo fídíò tí àwọn awo tiwa ń gbé jáde, níhìn-ín àti nílé. Ohùn kan náà ni! Ààrá tí kò ní òjò, ẹ̀rín tí kò ní olóhun. Àwa fúnra wa ló ń fi í sábẹ́ ẹbọ wa. A bi ọ̀kan nínú wọn ìdí rẹ̀, ó ní bí kò bá sí i, àwọn èèyàn kò ní gbà pé òun lágbára. Kí ni ká ti gbọ́? Ẹni tó bá fi ẹ̀rù pe oníbàárà, oníbàárà tó ń wá bí yóò ṣe dẹ́rù ba ẹlòmíràn ló máa rí. Lẹ́yìn náà a ó wá máa sunkún pé fíìmù ń bà wá jẹ́.

Àwọn mìíràn rò pé àwọn ti bọ́ níbẹ̀ nítorí pé ìlù làwọn fi sí i. Ìlù wo? Ìgbìn ni ti Ọbàtálá, ìpèsè ni ti Ifá, bàtá ni ti Ṣàngó àti Egúngún, àgẹ̀rẹ̀ ni ti Ògún. Ẹni tó kó wọn pọ̀ nítorí pé "ìlù Áfíríkà" ni gbogbo wọn, oníkíbọ́ọ̀dù lòun náà. A kì í ṣe aláìlẹ́bi nínú èyí. Nígbà kan a fi dùndún kan tó dùn gan-an sábẹ́ fídíò àdúrà wa. Lọ́jọ́ kejì bàbá onílù kan pè wá láti Ọ̀yọ́. Ó kí wa, ó bi wá ní àlàáfíà ilé, ó wá fẹ̀sọ̀ béèrè bóyá a mọ ohun tí ìlù náà ń sọ. Ìlù náà ń ki olówó kan níbi ìnáwó, ó ń sọ fún un pé kó ná owó sí òun níwájú orí. Bẹ́ẹ̀ ni a kúnlẹ̀ níwájú Ọbàtálá, tí ìlù ń tọrọ náírà lẹ́yìn wa. A dọ̀bálẹ̀ fún bàbá lórí fóònù.

A ti yọ fídíò mẹ́rin kúrò. Láti ìsinsìnyí, ohùn tó bá wà nínú yàrá nígbà tí à ń bọ ni yóò wà nínú fídíò wa: ààjà, ìrókẹ́, ohùn èèyàn, bí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì bá sì kọjá lójú títì, ẹ jẹ́ kó kọjá. Bí a bá fẹ́ ìlù, a ó pe onílù, a ó béèrè ohun tó máa sọ, a ó sanwó rẹ̀, a ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ilé ìṣe fíìmù ńlá ti dé Dagenham báyìí, ní Eastbrook. Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ohùn fíìmù, àwọn òbí wọn sì ń lọ́ra. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ẹni tó bá ní ìgbìn tí a gbà sílẹ̀, tí onílù rẹ̀ sì fọwọ́ sí i pé ká lò ó, kó mú un wá ní ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá tó ń bọ̀. Owó onílù ti wà nílẹ̀.