Alùpùpù Àkọ́kọ́: Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

   Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ sún mọ́ rédíò dáadáa, torí ọ̀rọ̀ òní, tiyín ni.

A ti ta àgbàdo, owó ti wọlé. Ọmọ ní òun fẹ́ ra alùpùpù. Kò gun ún rí, àfi ẹ̀yìn zẹ́mijàn tó ti ń jókòó. Èyí tó kọ́kọ́ wù ú ni èyí tó ga jù, tó ń dún jù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pàtẹ́wọ́ sí. Bàbá rẹ̀ ní, "Ra ńlá, kó lè máa kó ẹrù oko." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ra ńlá, kó o má baà tún ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀." Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyí: alùpùpù àkọ́kọ́, kó jẹ́ èyí tí ẹni tó máa gùn ún lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa lórí rẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kí owó àṣíborí sì wà nínú owó tí a máa fi rà á. Bí owó ò bá tó ra méjèèjì, a jẹ́ pé owó alùpùpù ò tíì pé nìyẹn.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.19 ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń gun alùpùpù. Láàárín ẹni ọdún 5 sí 29, kò sí ohun tó ń pa ènìyàn tó o. Lórí rédíò yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ ibà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi àwọ̀n ẹ̀fọn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tọ́ dàgbà, ṣé ọjọ́ tí a bá ra alùpùpù fún un la máa wá jọ̀wọ́ rẹ̀?

Ẹ wo ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ pupa ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni. Bí òjò bá rọ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ gba ọ̀nà oko, ẹ ó bá kòtò tí ọ̀gbàrá gbẹ́. Ẹ bọ́ sí ọ̀nà ọ̀dà tó ti Pobẹ̀ wá sí Kétu, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kì í sì í ṣe orí eré nìkan lèèyàn ti ń ṣubú. Ibi tó ti fẹ́ dúró, ibi tó ti fẹ́ yí, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wá ilẹ̀ tí kò rí i, ibẹ̀ náà ni wàhálà wà.

Mo mọ̀ ọ́n, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo yá alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi. Ó ga, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀. Mi ò sáré rárá. Ewúrẹ́ kan kọjá, mo tẹ bíréèkì, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀. Ibẹ̀ jìn díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò bá nǹkan kan. Alùpùpù wó lé mi, páìpù èéfín jó mi ní ojúgun. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ń sáré sí. Ẹ jókòó lé e lórí. Ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì? Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Ṣé ẹ lè ṣe é láìpe ènìyàn? Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin ní ìhà méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá nira níwájú ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ṣé inú ẹrẹ̀ ló máa wá rọrùn?

Nọ́ńbà tí ẹ ń rí lára wọn, 100, 125, 150, ìwọ̀n àyè tí ẹsáǹsì ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì ni. Bó bá ṣe tóbi tó ni agbára rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ tó, òun fúnra rẹ̀ a sì máa wúwo sí i. Boxer tí ilé iṣẹ́ Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe, tí ẹ ń rí lójoojúmọ́, ó ní ti 100, ó ní ti 150. Fún ẹni tí kò gun alùpùpù rí, 100 tàbí 110 tó. Ẹ rántí èyí: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa fi yín dúró sí á jìnnà tó ìlọ́po mẹ́rin. Ọwọ́ tí kò tíì mọ bíréèkì, kí la fẹ́ fi eré ṣe fún un?

Ohun kejì ni kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní in lọ́wọ́ òsì, ẹ máa ń fún un kí ẹ tó yí jíà. Àwọn kan ò ní, ẹsẹ̀ nìkan lẹ fi ń yí jíà. Ní 1958, Honda ti ilẹ̀ Japan gbé irú èyí jáde, Super Cub lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2017, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 lọ. Kò sí alùpùpù tí wọ́n ṣe tó o láyé. Yamaha Mate tí àwọn bàbá wa gùn ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, irú rẹ̀ ni. Ó rẹlẹ̀, àyè wà níwájú ìjókòó tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, tí ìyá tó ró ìró náà lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì láti rò, ojú ọ̀nà ló máa fi ọkàn sí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé alùpùpù kékeré, ti ọmọdé ni.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ: "Ẹrù ńkọ́? Ta ló máa gbé àgbàdo? Ta ló máa pọn omi?" Òótọ́ ni, omi ò sún mọ́ wa lórí òkè yìí, bídọ́ọ̀nù sì wúwo. Ṣùgbọ́n alùpùpù ńlá tí a di àpò méjì lé, tí ẹni tó ń gùn ún ò sì lè gbé e dúró, ṣé ẹrù náà máa délé? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gùn lófìfo. Bó bá di ọdún kan, tó ti mọ òjò, tó ti mọ iyanrìn, ẹ lè ta kékeré yẹn, kí ẹ fi owó kún un. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kì í pẹ́ rí ẹni rà á, torí kò ní bà á jẹ́.

Ẹ tún wo ẹsáǹsì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu ní Nàìjíríà kéde pé ìrànwọ́ owó epo ti dópin. Kò tó ọjọ́ mélòó kan, lítà kan kúrò lábẹ́ náírà 200, ó lé ní 480 lọ́dọ̀ wọn. Níhìn-ín tí kpayo ti ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá, gbogbo wa la jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ńlá ń mu ju kékeré lọ. Ẹni tó bá ra ńlá nítorí ìgbéraga, ojoojúmọ́ ló máa máa san owó ìgbéraga náà.

Bó bá jẹ́ èyí tí ẹlòmíì ti lò ni ẹ fẹ́ rà, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù kí ẹ tó tan án, torí èyí tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Bí èéfín búlúù bá ń jáde lára èyí tí kì í lo ẹsáǹsì àdàlù, ọ́ìlì ló ń jó nínú rẹ̀. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ mì ín: bó bá ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, owó ń bọ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá táyà méjèèjì wà lórí ìlà kan. Bí wọn ò bá sí, ó lè jẹ́ pé ó ti ṣubú rí. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀ wé ti inú ìwé. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ máa lọ sílé, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ó wá ku àṣíborí. Àkójọpọ̀ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé ó ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu kí orí fara pa kù ní ìdá 69 nínú 100. Ẹ dé e, ẹ mi orí: kò gbọ́dọ̀ máa yí kiri. Ẹ de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, torí èyí tí a kò dè á fò lọ kí orí tó kanlẹ̀. Ẹ má ra èyí tó ti ṣubú rí, torí fóòmù inú rẹ̀ ti fún pọ̀, kò ní gbà yín mọ́. Ẹ ní ó ń mú ooru. Ó ń mú ooru lóòótọ́. Ooru la lè nù kúrò lójú.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ gba alùpùpù lọ́wọ́ olówó láti fi ṣe zẹ́mijàn, tí ẹ máa máa san díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi máa di tiyín, ẹ fetí sí mi. Ẹ ṣírò gbogbo owó tí ẹ máa san títí dé òpin kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ó máa ń ju iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ dáadáa. "Gbé mi kíákíá" ni zẹ́mijàn ní èdè Fọ̀n. Ẹni tó ń kọ́ alùpùpù kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa gbé ènìyàn kíákíá. Owó ojúmọ́ yẹn á lé e jáde nínú òjò, á lé e jáde lóru, pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gùn, iṣẹ́ á dúró dè yín.

Ibo la ti máa kọ́ ọ? Pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ẹ kọ́ dídúró kí ẹ tó kọ́ sísáré. Ẹ lo bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, ẹ fún ti iwájú ní pẹ̀lẹ́, pàápàá lórí iyanrìn. Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni kí oṣù mélòó kan tó kọjá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, bí rédíò bá ti dákẹ́, ẹ jọ sọ ọ́. Nínú abúlé yín, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó ilẹ̀ lórí alùpùpù tó ń gùn? Àṣíborí mélòó ló wà láàárín yín? Ṣé ẹgbẹ́ lè máa dá èsúsú, kí ẹni tí owó kàn ra àṣíborí kó tó ra nǹkan mìíràn? Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní owó lọ́wọ́ báyìí, ọmọ yín á bínú fún ọjọ́ mẹ́ta pé ẹ ra kékeré fún òun. Ẹ jẹ́ kó bínú. Kí Olódùmarè máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà. Ó dìgbà kan ná.