Iye Owó Tí A Kọ Sára Ọjà



Bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà Tchaada tí wọ́n máa ń gba Ìgólò àti Ìdíròkò lọ ṣòwò ní Èkó láyé ọjọ́un, ẹ ó gbọ́ orúkọ Kingsway. Ilé ìtajà ńlá ni, ní Marina. Ọdún 1948 ni wọ́n ṣí i. Ilé-iṣẹ́ UAC, tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1929, ló ni ín. Òmíràn wà ní Ìbàdàn, òmíràn wà ní Port Harcourt, òmíràn sì wà ní Accra, ní ilẹ̀ Gánà.

Aṣọ, bàtà, àwo, fíríìjì, ohun ìṣeré ọmọdé, abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Bí ọdún Kérésì bá dé, àwọn ọmọdé a tò lọ kí Bàbá Kérésìmesì níbẹ̀. Àwọn tó tò nígbà náà ti di arúgbó báyìí, wọn kò sì tíì gbàgbé.

Èmi kò bá a. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan ládùúgbò wa wọ ibẹ̀ rí. Àwo tánńganran kan ló rà. Kì í ṣe ẹwà ilé náà ló máa ń sọ. Ohun tó máa ń sọ ni pé wọ́n lẹ bébà mọ́ àwo náà, wọ́n kọ iye owó sí i, iye yẹn náà sì ni ìyàwó olówó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun san. Ọmọ ilé-ìwé kan ló bá a ka bébà náà.

Ọ̀pọ̀ ń kárísọ pé Kingsway ti lọ. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a sunkún púpọ̀. Ọkọ̀ òkun ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀ wá. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Nígbà tí 1987 fi parí, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́rin lọ. Ta ni yóò máa ra ọjà òkèèrè bẹ́ẹ̀? Ilé náà kógbá sílé nígbà tó yá. Ilé oúnjẹ Mr Bigg's, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, jáde láti inú rẹ̀. Ọjà tiwa kò kógbá sílé rárá.

Ohun tó dùn mí ni bébà yẹn. Nínú ọjà wa, ojú oníbàárà ni a fi ń dá iye owó. Ìnáwọ́ dùn, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ bí mo bá ráyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìṣirò ló ń jìyà rẹ̀.

Obìnrin kan nínú wa ra fìtílà olóòrùn ní ìlú kan, fáráǹkì 9000. Ọjọ́ kẹta, ó kú. Ó gbé e padà. Ẹni tó tà á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Bébà wo ni yóò fi hàn? Kò gba ìkankan. Bí owó náà ṣe lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ti mọ nọ́ńbà kọ báyìí. Bí ẹ bá ra ohun tó wọ́n, ẹ béèrè rìsíìtì. Bí ẹni tó tà á kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ó tẹ̀ka sí i. Bí ẹ bá ń tajà, ẹ kọ iye owó síta. Àwọn kan ní oníbàárà yóò sá. Mo ní kò ní sá. Ẹni tó bá fẹ́ ná an yóò ṣì ná an, ṣùgbọ́n yóò mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin onífìtílà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó fi ẹfun kọ iye owó epo sára pákó níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà 5 rẹ̀ ṣì ń kọjú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń kà á.