Bí Ẹ Bá Ti Làágùn Tán ní Houston

Ooru Houston nínú oṣù Keje kì í bá ènìyàn ṣeré. Kí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, aṣọ àwọn tó ń rìn yípo ní Memorial Park ti máa ń rin gbingbin, nítorí ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́ ìlú náà débi pé òógùn kì í tètè gbẹ lára. Òógùn tí kò bá sì gbẹ kì í tu ara. Ṣe ni yóò kàn máa ṣàn lọ, tí ara á tún máa tú òmíràn jáde. Àwa Yorùbá kò gbẹ́yìn níbẹ̀: àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé, àwọn bàbá tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra sílẹ̀ de Marathon Houston ti oṣù Kìíní. Ìyẹn dára púpọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìgò tó máa ń wà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń padà sídìí ọkọ̀, àti abọ́ tó ń dúró dè wọ́n nílé.

Iṣẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń rìn yípo ní Memorial Park yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé máìlì mẹ́ta. Àgbàlagbà tó bá rìn ín lẹ́ẹ̀kan kì í sábà lò ju 300 kálórì lọ. Ìgò Gatorade oníwọ̀n 20 ounce ní 140 kálórì nínú, ṣúgà rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 34, èyí tó ju ṣíbí tíì mẹ́jọ lọ. Ẹni tó bá mu ìgò kan péré lẹ́yìn ìrìn yẹn ti dá nǹkan bí ìdajì ohun tó fi wàhálà jó dànù padà sínú ara kó tó délé. Bó bá wá délé tó fi Maltina tútù lé e, èrè ìrìn ọjọ́ náà tán nìyẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Gatorade kì í ṣe májèlé. Lọ́dún 1965 ni Dókítà Robert Cade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida pò ó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn tó ń dé àṣíborí, tí wọ́n ń wọ aṣọ nínípọn, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí gbá bọ́ọ̀lù alágbára ti Amẹ́ríkà nínú oòrùn. Iyọ̀ ń bá òógùn wọn lọ, okun sì ń tán nínú wọn. Àwa tí à ń rìn jẹ́jẹ́, tí à ń bá ará ilé ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí a ṣe ń rìn, kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Fún ìrìn wákàtí kan, tàbí eré jímù tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi ti tó. Oúnjẹ tí ẹ bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa dá iyọ̀ padà. Ọbẹ̀ wa kì í kúkú ṣaláìní iyọ̀, ká má tíì sọ ti Maggi.

Ti ẹni tó bá sáré wákàtí méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀. Ìyẹn nílò omi, ó nílò iyọ̀, ó sì nílò ṣúgà díẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà lọ́dún 1985, lára ohun tí ìjọba polongo káàkiri ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ṣúgà yẹn kì í ṣe fún adùn. Òun ló ń ran iyọ̀ lọ́wọ́ láti gba ara ìfun wọlé, omi á sì tẹ̀lé iyọ̀. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ìgò aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà fún yín ní ilé epo. Lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tó tẹ́jú, pẹ̀lú ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ péré, a ti pò ó nílé nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ kàn má fi ojú díwọ̀n iyọ̀ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó, pàápàá nínú ooru. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, omi náà kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní Marathon Houston ti ọdún 2000, àwọn dókítà ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré tí wọ́n tọ́jú ní àgọ́ ìṣègùn. Nínú wọn, àwọn 21 ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àwọn dókítà náà wo ohun tí àwọn sárésáré ti mu, wọ́n rí i pé bí omi ẹnì kan bá ṣe pọ̀ sí i ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i. Ní Marathon Boston lọ́dún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò ní òpin eré, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wà nínú ipò kan náà.

Bí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọpọlọ, ọpọlọ á sì wú. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, òrùka á há mọ́ ìka, ọ̀rọ̀ ẹnu á dàrú. Bó bá le, gìrì á mú ẹni náà, ó sì lè pa á. Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó jọ àárẹ̀ ooru, nítorí náà àwọn tó dúró tì í á tún máa rọ̀ ọ́ pé kó mu omi sí i. Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn lè gun òṣùwọ̀n kí wọ́n tó jáde àti nígbà tí wọ́n bá dé. Kílò kan tó bá dín kù jẹ́ nǹkan bíi lítà òógùn kan, ẹ sì lè fi wákàtí mélòó kan dá a padà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ. Bí ẹ bá wá rí i pé ẹ wúwo sí i ju ìgbà tí ẹ jáde lọ, omi ti pọ̀ jù nìyẹn. Ìtọ̀ tó bá sì pọ́n bí omi àgbo ń sọ fún yín pé omi kò tó.

Tó bá kan oúnjẹ, ohun méjì ni ara ń béèrè lẹ́yìn iṣẹ́ agbára: afáralókun tó máa dá ṣúgà tó ti tán nínú iṣan padà, àti amúaradàgbà tó máa tún iṣan ṣe. Nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 30 amúaradàgbà lẹ́ẹ̀kan náà ti tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà, ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kò rẹlẹ̀ sí ohunkóhun tí wọ́n ń tà ní jímù. Ẹ̀wà àti dòdò pẹ̀lú ẹja náà dára, bẹ́ẹ̀ ni iṣu sísè àti ẹyin díndín. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní òpópónà Bissonnet. Èmi ò sí lára àwọn tó ń bú iyán o. Ṣùgbọ́n òkè iyán kan lẹ́yìn ìrìn máìlì mẹ́ta ti pọ̀ ju iṣẹ́ tí ẹ ṣe lọ. Ẹ dín in kù, kí ẹ fi ẹja àti ẹ̀fọ́ kún un.

Àwọn kan á ní béèyàn kò bá jẹun láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn eré, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àfi ẹni tó tún fẹ́ sáré ní ọjọ́ kan náà ni ìkánjú yẹn kàn. Ọmọ wa Hakeem Olajuwon, tí wọ́n bí ní Èkó, tó bá Houston Rockets gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA ní 1994 àti 1995, gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì nínú oṣù Kejì ọdún 1995 láàárín sáà ìdíje. Oúnjẹ sààrì àti ti ìṣínu ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, òun náà sì ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lóṣù yẹn. Ohun tí à ń jẹ láàárín ọjọ́ kan gbáko ló ṣe pàtàkì. Àmọ́ àwòkọ́ṣe náà ní ibi tó mọ: oṣù Kejì tútù, abẹ́ òrùlé ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ má fi òùngbẹ dánra wò nínú oòrùn oṣù Kẹjọ.

Àwọn ìyẹ̀fun amúaradàgbà inú ike ńlá ńkọ́? Láti ọdún 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti gbà kí irú wọn dé orí àtẹ láìjẹ́ pé FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kọ́kọ́ fọwọ́ sí wọn. Ẹni tó bá ní dandan ni, kó wá èyí tó ní àmì NSF Certified for Sport lára. Ọtí bíà kì í ṣe ohun ìtura lẹ́yìn eré, ó ń dí àtúnṣe iṣan lọ́wọ́. Ohun mímu agbéniró oní-kaféènì kò sì yẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù kìkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ púpọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà inú àpilẹ̀kọ yìí ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ bi dókítà yín léèrè. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin gbọ́dọ̀ mú ohun dídùn dání, torí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lẹ́yìn eré. Bí ẹ bá sì rí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan tàbí tó ṣubú lẹ́yìn eré, ẹ má bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e sí ibòji, bí ara rẹ̀ bá gbóná ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì pe 911 lójú ẹsẹ̀.