Ọ̀nà Mélòó Ló Wọ Ọjà Amọ̀kòkò?

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Láyé ìsinsìnyí, ẹnu ẹni tó fẹ́ pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí jù. Télọ̀ tó fẹ́ ta máṣíìnì kó fi owó rẹ̀ ra ọ̀kadà á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tíṣà tó fẹ́ lọ máa ta káàdì fóònù á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mi ò bá wọn jà, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Ọ̀nà làwọn àgbà ní ó pọ̀, wọn ò ní ọjà pọ̀. Ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé àti ẹni tó gba títì, ìsọ̀ kan náà ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá ti yà kúrò lọ́nà ọjà pátápátá, kó wá òwe mìíràn.

Níbi iṣẹ́ amọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù. Ẹ mú Òkèléle n'Ílọrin, níbi tí Ẹbu Dada wà. Àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò níbẹ̀, ọwọ́ ìyá lọmọ sì ti ń kọ́ ọ. Ìyá kan á da ìkòkò àtijọ́ dojú délẹ̀, á wọ́n eérú sí i nídìí kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, á wá tẹ́ amọ̀ tí wọ́n ti gún kúnná lé e lórí, á máa lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi bo ìdí ìkòkò náà yíká. Bó bá ti le díẹ̀, á yọ ọ́, á gbé e nàró, á máa yí amọ̀ bí okùn lé e létí lọ sókè, á sì fi àkísà tó rin nu etí rẹ̀ kó jọ̀lọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń yí ìkòkò fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò po. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sun ún, wọ́n á to igi àti koríko gbígbẹ yí i ká ní gbangba. Bí wọ́n bá fi igi fa ìkòkò jáde nínú iná, wọ́n á da omi tí wọ́n fi èèpo èso irúgbá sè sí i lára. Omi á hó ṣàà, ara ìkòkò á dúdú, á máa dán.

Iṣẹ́ ńlá ni, owó rẹ̀ ò sì tó iṣẹ́ rẹ̀. Firíìjì ti gba ipò àmù, rọ́bà ti gba ti orù, ìkòkò alumíníọ̀mù sì ti lé ìṣaasùn kúrò lórí ààrò. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èyí tí ará ìta kì í rò ni òjò. Amọ̀ tí kò gbẹ dénú kì í wọ iná: omi inú rẹ̀ á di ooru, á máa wá ọ̀nà jáde, ìkòkò á sì bẹ́ gbà-ó. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, amọ̀ kì í tètè gbẹ, igi ìdáná á tutù, omi á kún kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Iṣẹ́ kì í dúró pátápátá, àmọ́ ó máa ń wọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ò sì ní torí òjò sọ pé àwọn ò jẹun. Ẹni tó jẹ́ pé ìkòkò tó ti jinná nìkan ló ń tà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, odò sì ti kún bo ìyẹn.

Kí ló tún wá wà lẹ́bu tó ṣeé tà? Ohun tí àwọn èèyàn ti ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá nítorí ìwé àṣekágbá, oníkámẹ́rà ń wá nítorí fọ́tò. Wọ́n á ní kí ìyá dákun tún ọwọ́ yẹn ṣe kí àwọn lè rí i dáadáa. Iṣẹ́ á dúró. Wọ́n á ní "ẹ ṣeun, mà", wọ́n á wọ mọ́tò, ó parí. Ta ló ní kí wọ́n má sanwó ìwòran? Ọwọ́ amọ̀kòkò ṣeé wò, ó sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti ìlú Kwali, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ní 1954 ló dara pọ̀ mọ́ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, èyí tí à ń pè ní Suleja lónìí. Nígbà tó yá, wọ́n ń mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mú un lọ sí Amẹ́ríkà ní 1972, kó lè mọ ìkòkò lójú àwọn èèyàn. Òun náà ló wà lẹ́yìn owó ogún náírà, owó tí ọmọdé ò fẹ́ gbà lọ́wọ́ èèyàn mọ́.

Láti ìwòran, ẹsẹ̀ kan ló kù sí ìkọ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní iléru gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn ti mọ èyí: ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì láti Mọ́ńdè dé Fúráídè á sanwó kó lè ki ọwọ́ bọ amọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò tíì ṣírò ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ò lè mú ife rẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Ife ní láti gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sun ún. Bí wọ́n bá fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà tó ń dán bíi dígí, wọ́n á tún sun ún lẹ́ẹ̀kejì. Dandan ni kó padà wá, ẹni tó padà wá ló sì ń rí àwo tó wà lórí pẹpẹ, tó ń béèrè pé èló ni. Àwọn kan á wá gbé ife fún ọlọ́kadà kó lọ fún un nílé! Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Iléru náà, ọ̀nà ni. Gáàsì tó ń mú un gbóná dé 1,000 digírì, yálà inú rẹ̀ kún tàbí ó ṣófo dé ìdajì, iye tí ẹ máa jó ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà wà, àwọn tó ń fi amọ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nílé wà, tí wọn ò ní iléru. Kí wọ́n sanwó àyè. Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè irú amọ̀ tí wọ́n lò, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kàn án bóyá ó ti gbẹ, torí ìkòkò àlejò tó bá bẹ́ nínú iná, àfọ́kù rẹ̀ lè ba ti onílé jẹ́.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù, òkè Ọya ló ti wá. Ìdílé amọ̀kòkò ni wọ́n bí Mohammed Bah Abba sí, tíṣà ló sì jẹ́ ní Jigawa. Ní àwọn ọdún 1990, ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó rọ yanrìn tútù sí àárín méjèèjì, ó fi aṣọ tó rin bò ó lójú. Omi á máa gba ara ìkòkò ńlá jáde, atẹ́gùn gbígbẹ á máa gbé e lọ, inú kékeré á sì tutù láìsí iná ìjọba. Ìgbá tí í bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 níbẹ̀. Ní 2000, ó gba ẹ̀bùn Rolex. Ohun tó wù mí jù nínú ọgbọ́n yìí ni pé ọwọ́ amọ̀kòkò ò ní ohun tuntun kankan láti kọ́. Àwọn amọ̀kòkò tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ló gbé iṣẹ́ fún, wọ́n sì mọ 5,000 àkọ́kọ́. Ẹ má sáré gbé e wá sí Èkó o! Atẹ́gùn tó ti kún fún ọ̀rinrin kì í fa omi. Ìlọrin nígbà ọyẹ́, Ṣakí, Kìṣí, irú ibẹ̀ ló bá lára mu.

Ìkòkò òdòdó àti àwo tí àwọn ilé oúnjẹ fi ń bu àmàlà, ẹ ti mọ ìwọ̀nyẹn. Àfọ́kù ńkọ́? Ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, wọ́n to etí wọn sókè ní ìlà-ìlà. Ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n ṣe é, ó sì ṣì wà láwọn ibì kan níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ kí ọgbà rẹ̀ yàtọ̀ lè ra àfọ́kù ní àpò-àpò. Èyí tí kò bá rí olówó, ẹ gún un, ẹ pò ó mọ́ amọ̀ tútù, kì í jẹ́ kí ìkòkò là nígbà tó bá ń gbẹ.

Ẹni tó ń ta abọ́ ilẹ̀ Ṣáínà níwájú ẹbu ara rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ti ṣí ọjà mìíràn, ó sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún oníbàárà pé tòun ò dáa tó. Owó ìwòran tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà lè dá ìjà sílẹ̀. Ìyá tí kámẹ́rà dojú kọ kọ́ ló wa amọ̀, òun kọ́ ló gún un, òun kọ́ ló ṣẹ́gi. Kí àpótí ti wà, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ti wà, kí àlejò àkọ́kọ́ tó sanwó. Àwọn tó ti ń dá èsúsú tipẹ́ ò nílò kí n kọ́ wọn léyìí.

Ó ku ìnáwó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀ ṣe kì í ṣe tuntun fún amọ̀kòkò. Àbátàn, ìyá amọ̀kòkò Òkè-Odàn tí Robert Farris Thompson kọ nípa rẹ̀ ní 1969, ló ń mọ àwo Erinlẹ̀ fún àwọn olórìṣà. Tiwa lónìí ni ẹ̀bùn tí à ń pín fún àlejò. Rọ́bà ti pọ̀ nílé gbogbo wa. Kóló kékeré tí wọ́n tẹ orúkọ olóde sí lára kó tó gbẹ, ta ni yóò sọ ìyẹn nù? Ẹni tó ń ṣe ìnáwó lóṣù Kejìlá, kí amọ̀kòkò ti gba iṣẹ́ náà lóṣù Kẹsàn-án, bó bá jẹ́ 200 ni wọ́n bẹ̀, kó mọ ogún lé e nítorí èyí tí yóò fọ́. Kó gba ìdajì owó sílẹ̀, ó kéré tán, kó má sì tìtorí ojú àna tàbí ojú ìyàwó pásítọ̀ gbójú fò ó. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe mọ́, ta ni yóò ra 200 kóló tí wọ́n kọ "Màmá Àdùkẹ́ pé 70" sí lára?