Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ní ọjọ́ Sátidé, bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà Ìpájà wọ Ayọ̀bọ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó rí àtíbàbà olówó ìyálò tí wọ́n ta dí òpópónà. Ibì kan ń sọmọ lórúkọ, ibì kejì ń ṣe wòlímà ìgbéyàwó, ibì kẹta ń ṣe wòlímọ̀ fún ọmọ kéú tí ó parí Alùkùránì. Ohun ìdùnnú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀sìn kò sì kọ ìdùnnú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Sátidé bá kọjá, ọjọ́ Ajé ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni alásè yóò wá gba owó tí ó kù, ọjọ́ Ajé ni ẹni tí ó yá wọn ní ọ̀ṣọ́ yóò wá ka àga rẹ̀, ọjọ́ Ajé náà sì ni ẹni tí ó yá baálé ilé lówó èlé yóò bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ owó èlé yìí ni ó yẹ kí ó mú Mùsùlùmí dúró kí ó ronú. Àsè ìgbéyàwó jẹ́ súnnà. Owó èlé jẹ́ èèwọ̀ pọ́ńbélé. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe gba ojú ọ̀nà èèwọ̀ lọ ṣe súnnà, tí yóò sì máa retí ìbùkún níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin tí ó ti rí ìyàwó, tí àwọn òbí ti gbà fún, tí owó sàdáàkì sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ń sún ìgbéyàwó síwájú láti ọdún dé ọdún nítorí owó àsè nìkan. Ewu tí ó wà nínú irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó mọ ohun tí ojú ọ̀dọ́ ń rí ní ìgboro Èkó.

Ìlú Àwórì ni Ayọ̀bọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Oko àti igbó ni ó yí i ká kí Èkó tó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lónìí, ó wà lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ayọ̀bọ̀-Ìpájà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, àwọn tí ó sì ń gbé inú rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́, awakọ̀ àti oníṣòwò kéékèèké. Irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀wọ́n oúnjẹ kọ́kọ́ máa ń bà. Ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fún oṣù Kẹfà ọdún 2024 fi hàn pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni òfin sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, àpò ìrẹsì oníwọ̀n 50 kìlógíráàmù ti ju owó oṣù náà lọ. Ẹni tí ó bá wá ní dandan ni kí òun fi àpò ìrẹsì mẹ́rin ṣe àlejò ti dáwọ́ lé ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

ÀSÈ TÍ KÒ NÍ ẸRAN

Ní ọdún keje Híjírà, nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń padà bọ̀ láti Khaybar, ó fẹ́ Safiyyah ọmọ Huyayy. Ojú ọ̀nà ni wọ́n wà. Anas ọmọ Malik, ẹni tí ó wà níbẹ̀, ròyìn pé kò sí búrẹ́dì, kò sì sí ẹran níbi àsè náà. Wọ́n tẹ́ awọ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹni tí ó bá ní nǹkan lọ́wọ́ mú un wá. Ẹnì kan mú èso dàbínù wá, ẹlòmíràn mú wàrà gbígbẹ, ẹlòmíràn mú òrí tí wọ́n yọ lára wàrà. Wọ́n pò wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ ẹ́, àsè sì pé. Ìgbéyàwó ẹni tí ó lọ́lá jù lọ nínú ẹ̀dá ni èyí o, kì í ṣe ti aláìní kan ní ìgbèríko.

Òtítọ́ ni pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún Abdur-Rahman ọmọ Awf pé kí ó se àsè, ì báà jẹ́ àgùntàn kan péré. Ẹni tí ó bá ní àgùntàn, kí ó pa á. Ẹni tí kò bá ní, ìtàn Safiyyah ti fi hàn pé àsè rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di aláìpé. Ohun méjì ni ó gbé àsè ojú ọ̀nà náà ró: ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó, àti ọwọ́ púpọ̀.

Yorùbá pàápàá mọ ohun méjèèjì yìí kí ayé àtíbàbà olówó ìyálò tó dé. Bí ìnáwó bá kan ilé kan, àwọn ìyàwó ilé ni yóò péjọ sídìí ààrò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni yóò gé oparun àti imọ̀ ọ̀pẹ tí wọn yóò fi pa àtíbàbà. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìṣẹ́. Àjùmọ̀ṣe ni wọ́n ń pè é.

OÚNJẸ TÍ ỌWỌ́ ILÉ TÓ

Ọ̀lẹ̀lẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní mọ́ínmọ́ín, yẹ fún àwo àlejò èyíkéyìí. Fún dẹ̀ríkà ẹ̀wà kan, kí wọ́n rẹ ẹ̀wà náà sómi fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì tún fi í sínú omi títí yóò fi rọ̀. Kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo mẹ́ta àti àlùbọ́sà ńlá méjì. Kí wọ́n da òróró bí ife kan sí i, pẹ̀lú iyọ̀, edé lílọ̀ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n sì rò ó dáadáa, nítorí pé rírò ni í mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ fúyẹ́. Igi ewé tí wọ́n gé kúrò ni kí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ọ̀lẹ̀lẹ̀ má baà rì sínú omi. Bí ó bá hó fún bíi wákàtí kan, ó ti jinná.

Ewé eéran ni kí wọ́n fi pọ́n ọn, kì í ṣe ọ̀rá. Ewé a máa fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní òórùn dídùn tí ọ̀rá kò ní, bí wọ́n bá sì jù ú sílẹ̀, yóò jẹrà di ilẹ̀dú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ òde sí, nítorí pé irú rẹ̀ ni ó ń dí ojú gọ́tà. Ẹni tí ó bá fi ewé pọ́n oúnjẹ fún àlejò rẹ̀ láti gbé lọ sílé ti pa òfin mọ́, kò sì ná owó ike.

Bí ẹ̀wà bá wọ́n, àsáró wà. Kí wọ́n gé iṣu sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n sè é pẹ̀lú ata lílọ̀, epo pupa, irú àti ẹja gbígbẹ, kí wọ́n sì fi ṣíbí onígi tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ki. Ní ti ohun mímu, ìṣápá pupa tí àwọn ará òkè Ọya ń pè ní sóbò ti tó. Kí wọ́n sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n jẹ́ kí ó tutù. Èèpo tí wọn ìbá dànù ni yóò fún un ní adùn.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kò gbọdọ̀ rò pé ti obìnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n bi Aishah léèrè ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń ṣe nínú ilé, ó jẹ́rìí pé iṣẹ́ ilé ni ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe títí àkókò ìrun yóò fi tó. Ọmọkùnrin tí ó lè gbé àpótí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sí ibi ìwáàsí lè gbé ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ ìlọta.

Ọ̀ṢỌ́ TÍ Ó DI OHUN ÌLÒ

Ìsìláàmù kò kórìíra ẹwà. Àṣejù àti ìgbéraga ni ó kọ̀. Nígbà tí Fatimah ń lọ sí ilé Ali, lára ẹrù tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi sìn ín lọ ni aṣọ onírun kan, àpò awọ ìpọnmi kan, àti ìrọ̀rí awọ tí wọ́n ki koríko olóòórùn dídùn sí nínú. Ìwọ̀nba ni, ó sì wúlò.

Ohun tí ó wúlò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro ní Ayọ̀bọ̀. Dípò kí wọ́n yá aṣọ dídán tí wọ́n ń ta sẹ́yìn ìjókòó ọkọ àti ìyàwó, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin di adìrẹ oníko fúnra wọn. Kí wọ́n ra tẹ́rú funfun, kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ ní ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí àmì wà, kí wọ́n sì fi ìko dì í pinpin. Bí wọ́n bá rì í sínú aró ẹ̀lú tí wọ́n sì fà á yọ, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Ibi tí wọ́n dì yóò wà ní funfun ní róbótó róbótó, irú èyí tí àwọn aládìrẹ ń pè ní òṣù bàǹbà. Kò sí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aró ayé òde òní tí wọ́n ń po pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà ni, kí àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì ṣe é ní ìta gbangba.

Bí ayẹyẹ bá parí, aṣọ náà kì í ṣe ti onílé ìyálò. Aishah ta aṣọ kan tí ó ní àwòrán nígbà kan. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fẹ́ ẹ, kò jù ú nù, ṣe ni ó gé e ṣe ìrọ̀rí. Bákan náà ni aṣọ ẹ̀yìn ìjókòó ọjọ́ ìgbéyàwó ṣe lè di aṣọ ojú fèrèsé àti aṣọ ìrọ̀rí nínú yàrá tọkọtaya. Ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àlejò yóò di ẹní ìkírun. Igbá fínfín tí wọ́n fi gbé dàbínù yóò di ohun èlò ilé ìdáná.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN Ń SỌ

Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ ajé kò fún àwọn ní àyè, nítorí pé ẹni tí ó ń ti Ayọ̀bọ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́ kò ní okun tí yóò fi lọ ata. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Bí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí kan bá pín ara wọn, tí àwọn kan bó ẹ̀wà, tí àwọn kan di adìrẹ, tí àwọn kan sì pọnmi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan àti òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ti tó. Ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ lónìí yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́la, àáró ni.

Àwọn mìíràn ń sọ pé alásè náà ní ẹnu tí ó ń bọ́. Kò sí ẹni tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ halálì ni. Ẹni tí ó bá ní owó, kí ó pè wọ́n, kí ó sì san owó wọn pé kí òógùn ara wọn tó gbẹ. Ẹni tí yóò yáwó èlé kí ó tó lè pè wọ́n ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Èyí tí ó le jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Kí ni ayé yóò wí?" Ayé yóò wí, yóò sì jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀, yóò sì lọ. Ayé kì í bá ènìyàn san gbèsè. Ó tọ́ kí àwọn òbí ìyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ èyí, nítorí pé ẹnu wọn ni ìwé ohun èlò àsè ti máa ń jáde. Bí bàbá ìyàwó kan ní Ayọ̀bọ̀ bá lè sọ ní gbangba pé ọ̀lẹ̀lẹ̀, àsáró àti sóbò ti tó òun, yóò ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé tí kò sí gbèsè èlé lórí rẹ̀ ti ní ọ̀ṣọ́ tí owó ìyálò kò lè rà. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí oúnjẹ àwọn Mùsùlùmí, kí Ó sì fi ìfẹ́ sí àárín àwọn tí ó jọ sè é. Àmín.